Màmá, ẹ fi nǹkan kún owó agbọ̀n

Manchester,
Oṣù Kọkànlá, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Gàrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Ó kan bí ti Ìjẹ̀bú ṣe ń kan, àwọn ọmọ kò jẹ́ kí n simi lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní ẹbu gàrí yín ń bèèrè àfikún sí owó tí ẹ ń san lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn máa lọ, pé àwọn mìíràn wà níta. Màmá, ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ilé dé ilé ni mo ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó. Ìṣẹ́jú tí mo bá lò nínú ilé nìkan ni wọ́n ń san. Ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé kan sí èkejì, tí òjò ń pa mí, tí omi ń wọ bàtà mi, kò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ òfin ibí ní kí wọ́n kà á mọ́ ọn. Mo sọ̀rọ̀, ọ̀gá ní àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà pọ̀ lẹ́yìn mi. Ó mọ̀ pé físà mi wà lọ́wọ́ òun. Kì í ṣe pé iṣẹ́ mi kò dára, Màmá. N kò ríbi lọ ni. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi fara dà á.

Mo gbà pé owó àwọn tó ń yan gàrí gbọ́dọ̀ ju tàwọn abẹ̀gẹ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo ojú ló lè gba ooru agbada, ẹni tí kò bá sì mọwọ́ rẹ̀, gàrí á dì, á jó. Nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru náà ń gbà jù mí lọ nítorí ìwé àṣẹ rẹ̀, n kò bínú sí i. Ẹ̀gẹ́ bíbẹ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ni owó rẹ̀ fi kéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ Ìyá Ìbejì, bí oje ẹ̀gẹ́ ṣe sọ ọ́ di dúdú, bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe la. Bí ọwọ́ yẹn kò bá sí, kí ni ẹ́ńjìnnì yín máa rin?

Níbí, láti April 2025, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ gbà tó kéré sí £12.21 ní wákàtí kan. Nílé, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 lọ́dún 2024, Ògùn ṣe tirẹ̀ ní ₦77,000. Òfin náà sì yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25 sílẹ̀, ó tún yọ ẹni tó ń gba owó ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó bá ṣe. Àwọn obìnrin wa bọ́ sínú méjèèjì. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ní. Owó ọkọ̀ wọn ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, owó agbọ̀n kò yí padà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń dá iye gàrí lé lọ́jà Òkè-Àjẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ₦100 lé agbọ̀n kan, èmi ni màá san ìyẹn fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ fi wo bí ọjà yóò ṣe rí.

Mo ti fún àbúrò mi ní ọ̀bẹ mẹ́fà kó mú bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èyí tí èèkù rẹ̀ nípọn jù, ti Ìyá Ìbejì ni, kó má baà máa ge àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́.

Èmi ni, Àbẹ̀kẹ́ yín.