Ẹ má fi ìkánjú ti ọmọ tí GPA ẹ̀ kéré lọ gba fọ́ọ̀mù dókítà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín, ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ní Amẹ́ríkà níbí pẹ̀lú GPA (ìpíndọ́gba máàkì, 4.0 ni òkè pátápátá) 2.8, bàbá wa wá ń bèèrè pé ṣé kó gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé dókítà lọ́dún yìí náà ni àbí kó lọ fi másítà tún máàkì ṣe. Àwọn tó dá wọn lóhùn pọ̀, ẹnì kan ní kí wọ́n gbààwẹ̀ kí wọ́n sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kíákíá, ẹnì kan ní kí ọmọ gbàgbé dókítà kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì (nọ́ọ̀sì lèmi o, inú bí mi sí ìyẹn, ṣé àwa la wá di ibi tí wọ́n ń da àjẹkù sí ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀). Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá yìí pé àsìkò lọmọ wọn nílò, kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Kó má gbà á lọ́dún yìí rárá.

Èmi àti dókítà méjì kan la máa ń jókòó ti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó bá ń ṣe fọ́ọ̀mù yìí, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn tó ń wọ ilé ìwé MD (oyè dókítà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀) níbí báyìí, ìpíndọ́gba GPA wọn bíi 3.8 ni, MCAT wọn, ìdánwò àbáwọlé ilé ìwé dókítà, bíi 511 tàbí 512, nínú ìdánwò tó jẹ́ pé 472 ló kéré jù, 528 sì ni òkè pátápátá. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ní 2.8 kì í ṣe ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún, ọ̀nà ẹ̀ jìn gan-an ni. Síbẹ̀ àwọn tí GPA wọn ò tó 3.0 ń wọlé lọ́dọọdún, wọn ò pọ̀ àmọ́ wọ́n wà, ó wà nínú àkọsílẹ̀ AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé MD, fúnra wọn. Kí làwọn yẹn wá ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Ọmọ tó ṣe kírẹ́dítì 120 tó jáde pẹ̀lú 2.8, póìǹtì 336 ló ní lọ́wọ́ (A jẹ́ póìǹtì 4 lórí kírẹ́dítì kọ̀ọ̀kan). Ká ní ó padà lọ ṣe kírẹ́dítì 30 sí i, tó gba A nínú gbogbo ẹ̀ láìku ẹyọ kan, ọdún kan gbáko nìyẹn, póìǹtì ẹ̀ á di 456 lórí kírẹ́dítì 150, GPA á wá di 3.04. Tó bá tún ṣe 30 míì, A ni gbogbo ẹ̀, ó di 3.2. Ọdún méjì láìsùn, 3.2! Ibẹ̀ làwọn òbí ti máa ń pariwo pé kí ló dé tó ń fàsìkò ṣòfò, torí nọ́ńbà àpapọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ń wò. Fọ́ọ̀mù AMCAS, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń gba ọ̀pọ̀ ilé ìwé MD, ò kàn fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ọdún kọ̀ọ̀kan ló máa ń tò sọ́tọ̀, ti àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, àtèyí téèyàn ṣe lẹ́yìn tó gboyè, á tún wá kó báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì, físíìsì àti ìṣirò pọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ka ìwé yẹn á rí i pé ọmọ yìí gba 2.3 lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, nígbà tó yá ó gba 4.0 fún ọdún méjì léra wọn lórí kọ́ọ̀sì tó le bí ojú ẹja. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń sùn ní kíláàsì kẹ́mísìrì kọ́ ló wà níwájú wọn mọ́ nìyẹn.

Ti másítà tí bàbá wa mẹ́nu bà, ẹ rọra o. AMCAS kì í po máàkì másítà pọ̀ mọ́ ti digirí àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, ọmọ lè gba 4.0 nínú másítà public health kí 2.8 yẹn ṣì jókòó síbẹ̀ bó ṣe wà, owó ti lọ. Másítà tó wúlò fún irú wọn ni èyí tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún un, tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ohun tí àwọn ọlọ́dún àkọ́kọ́ nílé ìwé dókítà ń kọ́, nígbà míì nínú kíláàsì kan náà. Ó dáa gan-an fún ẹni tó ti gbára dì. Ẹni tí ò tíì gbára dì tó wá lọ gba C níbẹ̀, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ fún wọn pé òun ò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe post-bac, kọ́ọ̀sì digirí lásán lẹ́yìn oyè, owó ẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti másítà, èèyàn sì lè máa ṣiṣẹ́ kó máa ṣe é. Kó tún èyí tó ti gba D ṣe, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò gba ohun tí ò tó C. Èyí tó ti gba C, kó fi í sílẹ̀ kó lọ ṣe èyí tó ga jù ú lọ, àtijọ́ àti tuntun ni AMCAS máa kà pọ̀. Àwọn ilé ìwé DO (oyè dókítà kejì tó wà níbí, osteopathic) ló máa ń fi tuntun rọ́pò àtijọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fòpin sí i ní 2017, mo ṣì ń gbọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ títí dòní.

DO yìí náà, àwọn èèyàn wa máa ń yínmú sí i, ṣé dókítà gidi nìyẹn? Dókítà gidi ni. Wọ́n ń kọ oògùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ, láti 2020 sì ni àwọn àti MD ti ń du ipò residency (ìkọ́ṣẹ́ dókítà ní ọsibítù lẹ́yìn ilé ìwé) kan náà lábẹ́ ìlànà kan náà. Ìpíndọ́gba GPA àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ bíi 3.6 ni, ẹni tó bá ti 2.8 gòkè dé 3.2 tí MCAT ẹ̀ sì dáa, ibẹ̀ lèmi á ní kó kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó bá sì jẹ́ ará Texas tí máàkì burúkú ẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́wàá, òfin wọn gbà á láyè pé kí àwọn ilé ìwé ìjọba ibẹ̀ má wò ó mọ́, àmọ́ gbogbo ohun tó ṣe nígbà yẹn ló máa bá a lọ, àti A àti F.

Wọ́n tún máa ń ní kó kàn lọ fi MCAT dánra wò. Kò sí ìdánrawò níbẹ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀méje pére láyé ẹni, èsì tó bá sì ti jáde, ilé ìwé á rí i. Ẹni tí GPA ẹ̀ kéré, MCAT tó ga ló máa jẹ́ kí wọ́n gba àwọn A tuntun ẹ̀ gbọ́. Tí MCAT bá tún lọọlẹ̀, wọ́n á ní ilé ìwé tó rọrùn ló lọ gbà wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń tako ìkánjú gan-an rèé. Oṣù May ni fọ́ọ̀mù ń ṣí, bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yẹ̀ ẹ́ wò, A téèyàn ò tíì gbà kò lè sí lórí ẹ̀. Ọmọ tó bá fi ránṣẹ́ ní June lọ́dún yìí, 2.8 lásán ló máa fi ránṣẹ́, kódà tó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún post-bac. Ilé ìwé àkọ́kọ́ lórí AMCAS, bíi 175 dọ́là, èyí tó kù lé ní 40 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ìwé fúnra ẹ̀ á tún gba tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó bá fi sí ogún ilé ìwé lè ná ju 2,000 dọ́là lọ. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ tó tún padà lọ́dún kejì, wọ́n á bi í pé kí ló yàtọ̀ látìgbà yẹn, kí ló fẹ́ sọ?

Ohun tó tún máa ń tẹ̀ lé e ló ń dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n á kọ̀ ọ́, ojú á ti ẹbí, ẹ́jẹ́ǹtì kan á wá yọjú pẹ̀lú ilé ìwé erékùṣù Karíbíà tí kì í kọ ẹni kankan. Mi ò sọ pé dókítà ò tibẹ̀ jáde o, wọ́n ń jáde, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè pé nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí, mélòó ló rí residency. Ẹni tó bá jábọ́ ní ìdajì, gbèsè ẹ̀ ò jábọ́.

Ohun kan tún wà tí bàbá wa ò sọ: ṣé ọmọ yẹn ní gíríìnì káàdì? Ọ̀pọ̀ ilé ìwé MD níbí ò gba ẹni tó wà lórí físà rárá, tó bá jẹ́ pé físà ló fi wà níbí, kó kọ́kọ́ yọ orúkọ àwọn tó ń gba irú wọn sọ́tọ̀ kó tó náwó kankan.

Kí bàbá wa jókòó ti ọmọ wọn kó mú transcript (ìwé èsì) wá, kí wọ́n jọ wo sẹ́mẹ́sítà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe láti sanwó ilé ló fà á, tí iṣẹ́ yẹn sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, post-bac tó fẹ́ lọ ṣe náà á bá ibẹ̀ lọ. Ẹbí tó ti ń dáwó fọ́ọ̀mù, kí wọ́n kúkú fi owó yẹn sanwó ilé fún un fún oṣù díẹ̀, kó lè ráyè kàwé. May tó ń bọ̀ kọ́ la ń wí o, ó kéré tán èyí tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Nọ́ọ̀sì kan ní Maryland