Ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú nínú ìwádìí ojú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìwádìí àrùn ojú, ẹ̀rọ tuntun àti ìpàdé òkè òkun ló ń gba ẹnu wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ nìyẹn.

Ẹ wo glọkómà, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, tí ìfúnpá inú ojú sì sábà máa ń dá kún. Ìwádìí àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 yẹ ojú ènìyàn 13,599 tó ti lé ní ogójì ọdún tàbí tó pé e wò. Ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló fọ́jú, glọkómà ló sì fa bí ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú ọ̀hún. Ká ní bó ṣe wu oníkálukú ló ṣe wọn ojú ni, ta ni ì bá gba iye yẹn gbọ́?

Tonómítà Goldmann la ṣì fi ń wọn ìfúnpá inú ojú níbi púpọ̀. Orí rẹ̀ á tẹ iwájú ẹyinjú títí ibi tó tẹ́jú á fi fẹ̀ tó mìlímítà 3.06. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ìlàjì òbìrí méjì aláwọ̀ ewé, á máa yí nọ́ọ̀bù títí etí inú wọn á fi kanra. Bí fluorescein, aró tí wọ́n ń kán sójú kí òbìrí náà lè hàn, bá pọ̀ jù, òbìrí á nípọn, iye á ga. Bó bá kéré jù, iye á wálẹ̀. Ẹni tó fi ìka tẹ ẹyinjú níbi tó ti ń gbé ìpéǹpéjú sókè ti ba ti ara rẹ̀ jẹ́, eegun ni kó gbé ìka lé. Bí wọ́n bá fi sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ tí kò sì tíì gbẹ, á bó iwájú ojú aláìsàn.

Ẹni tó ń wo inú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ rí iye. Ẹlòmíràn ni kó kà á, kó kọ ọ́, kó sì dá nọ́ọ̀bù padà sí 10 mmHg (ìwọ̀n ìfúnpá). Ẹ̀ẹ̀mejì ni, bí ìyàtọ̀ bá ju 2 lọ, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n mú èyí tó wà láàárín. Méjì méjì ni ilà ara nọ́ọ̀bù, ìdí nìyí tí ìwé àwọn tí kò tẹ̀lé èyí fi máa ń kún fún 14, 16, 18, tí 15 á sì dàwátì.

Awọ iwájú ojú tó fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí iye kéré ju bó ṣe rí lọ, nítorí ìnípọn bíi máíkírọ̀n 520 (mìlímítà 0.52) ni Goldmann fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìnípọn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ìṣirò tí àwọn kan fi ń “tún” iye ṣe kò bára mu, a ò fara mọ́ ọn.

Ohun tí à ń bẹ àwọn tó ń fowó sílẹ̀ ni pé kí wọ́n sanwó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìdánrawò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ abúlé. Kó yẹ àádọ́ta àwòrán iṣan ojú wò, kó tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìrí ìdáhùn àkọ́kọ́. Bí kappa, ìwọ̀n bí ìdáhùn òun àti ti olùkọ́ rẹ̀ ṣe bára mu, kò bá tó 0.6, kó padà sídìí iṣẹ́. Kí onímọ̀ ìṣirò kan sì wà pẹ̀lú wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé tán, torí ojú méjì ẹnìkan máa ń jọra: ojú 400 lára ènìyàn 200 kì í ṣe ẹ̀rí ènìyàn 400.

Àwa olùkọ́ ìwádìí ojú,
Ìbàdàn