Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Awọnlẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ Lórí Òpó Ìwọ̀nlẹ̀ Tó Ń Pòórá

Sí Alága,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa awọnlẹ̀ Ilé-Ifẹ̀, tí ará ìlú ń pè ní sọ́fẹ́yọ̀, la kọ̀wé yìí. Àwọn òpó kọnkéré tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un, tí nọ́ńbà wà lórí wọn, tí a mọ ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà gan-an, tí a sì ń ti ibẹ̀ wọn ilẹ̀, ń tán lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ìyókù sí.

Láìpẹ́ yìí, katakátà tó ń tún ọ̀nà ṣe hú ọ̀kan lójú wa. Òkúta lásán ni awakọ̀ náà pè é. Kí a tó sáré débẹ̀, ó ti tì í sínú kòtò.

Àwọn kan ti bi wá pé, ṣebí a ní ẹ̀rọ GPS, tó ń gba ìgbì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láti fi mọ ojú ibi tí a wà? A ní in, ojoojúmọ́ la sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 20,200 kìlómítà ni àwọn sátẹ́láìtì GPS fi jìnnà sílẹ̀. Kí ìgbì rédíò wọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an. Nínú oko kòkó lọ́nà Ìfẹ̀wàrà, ewé á bo ojú ọ̀run, ẹ̀rọ á máa ṣe ségesège. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní àsìkò oṣù Màáṣì àti Sẹ̀tẹ́ńbà, òfurufú òkè pátápátá máa ń da ìgbì náà rú ní agbègbè tiwa yìí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òpó méjì tó ń wo ara wọn ló ń gbà wá: a ó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ mìíràn tí kò nílò sátẹ́láìtì ka orí ọ̀kan, a ó kọjú rẹ̀ sí èkejì. Bí wọ́n bá hú ọ̀kan, èkejì kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń wa bàálù pàápàá kò gbára lé sátẹ́láìtì nìkan. Ní April 2024, Finnair, ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Finland, dá ìrìn àjò sí ìlú Tartu ní Estonia dúró fún odidi oṣù kan, torí pé àwọn kan ń da GPS rú lójú òfurufú ibẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣètò ọ̀nà mìíràn tí kò nílò GPS ni bàálù wọn tó padà síbẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ẹ̀rọ tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń lò ń wà. Òpó wọ̀nyí ni tiwa.

Pèrègún ni àwọn baba wa gbìn sí ààlà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó dùn wá pé ìlú tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń wá kọ́ iṣẹ́ yìí láti 1972, ní ilé-ẹ̀kọ́ AFRIGIST tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, ni òpó ti ń di àwátì.

A bẹ̀ yín, kí agbaṣẹ́ṣe kankan má ṣe da ilẹ̀ rú láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ tún fún wa ní òṣìṣẹ́ méjì tí yóò bá wa wá àwọn òpó tó kù, kí a kun wọ́n lọ́dà, kí a sì mọ sìmẹ́ǹtì yí wọn ká. Àwa kò ní gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa la ó wá.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn Awọnlẹ̀ Ilé-Ifẹ̀