Lẹ́tà sí Àjíkẹ́ láti ọjà àwọn àgbẹ̀ ní Uzès

Ìtòsí Uzès,
Gúúsù ilẹ̀ Faransé.
Ọjọ́rú, ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, 2023.

Àjíkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn kò tán lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti dé ibí yìí.

Lẹ́tà tí o kọ sí mi ní oṣù Karùn-ún ṣì wà nínú àpò mi. O ní àwọn alárobọ̀ wá bá ọ nínú oko, wọ́n fúnra wọn ni wọ́n dá iye lé apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ, o sì gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé tòmátì tó ti pọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. O wá bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí fún àwọn àgbẹ̀ ìlú òyìnbó. N kò lè dá ọ lóhùn nígbà náà, nítorí pé ní London, inú ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mo ti ń ra tòmátì, n kì í sì í mọ ẹni tó gbìn ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mọ́kànlá tí a ti wà ní ìsinmi níbí, àárín àwọn àgbẹ̀ ni mo ti ń nájà, mo sì ti fi ìwọ̀nba èdè Faransé tí mo gbọ́ bi wọ́n ní gbogbo ohun tí mo rò pé ìwọ ì bá bi wọ́n.

A háyà ilé kékeré kan ní abúlé tí kò jìnnà sí Uzès, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Gard. Ìlú kékeré ni Uzès, òkúta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, gbàgede ọjà sì wà láàárín wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Place aux Herbes, bí ẹni pé kí a pè é ní Gbàgede Ewébẹ̀. Igi ńláńlá ṣíji bò ó, omi ń tú jáde láti inú ìkòkò òkúta kan láàárín rẹ̀, àwọn ilé tó yí i ká sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀ tí ènìyàn lè gbà kọjá kí oòrùn má pa á. Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjà náà máa ń ná. Ǹjẹ́ o rántí bí ìyá ṣe máa ń fi ìka ọwọ́ ka ọrún ní alẹ́ láti mọ ọjà abúlé tí yóò ná lọ́la? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará ibí ń ṣe, àfi pé ọjọ́ méje ni tiwọn ń gbà kí ó tó yí po. Tí a bá kọjá odò Rhône sí apá ìlà-oòrùn, Vaison-la-Romaine ń ná ọjà tirẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nyons ní Ọjọ́bọ̀, Carpentras ní Ọjọ́ Ẹtì, Apt ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó fi jẹ́ pé ọlọ́jà tó bá ní ọkọ̀ lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń ná an. Kí aago kan ọ̀sán tó lù dáadáa, wọ́n ti ń ká àtíbàbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èrò máa ń pọ̀ jù, tí àwọn aláṣọ, àwọn alápẹ̀rẹ̀, àwọn oníkòkò àti àwọn ọlọ́ṣẹ olóòórùn dídùn á kún gbogbo òpópónà, tí àwa àlejò á sì máa tẹ ara wa lẹ́sẹ̀. Ọjà náà dára lójú, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni mo fẹ́ràn, nítorí pé ọjọ́ náà ni ti àwọn tó ń kó irè oko ara wọn wá. Àwọn ará Faransé náà ní alárobọ̀, Àjíkẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra ọjà ní ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí wọ́n á wá tò ó sórí tábìlì lábẹ́ àtíbàbà aláwọ̀ mèremère, tí àlejò á sì rò pé oko wọn ni ó ti wá. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Tí o bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti píà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú tòmátì, o mọ̀ pé kì í ṣe oko Gard ni ó ti wá. Tábìlì àgbẹ̀ kì í ní ju nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, èyí tó kéré á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tóbi, erùpẹ̀ á ṣì wà lára aáyù, bí àsìkò nǹkan bá sì ti kọjá, kò ní tà á mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, òfin wọn sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó ń ta èso tàbí ewébẹ̀ kọ iye owó rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá síwájú ọjà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àwọn àgbẹ̀ a sì máa kọ «producteur» mọ́ ọn, ìyẹn ni pé ẹni tó gbìn ín gan-an ló ń tà á.

Níbi iye owó yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ wà. Obìnrin tí mo ń ra tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi ẹfun kọ iye tí ó fẹ́ gbà sára pátákó dúdú kékeré ní òwúrọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ná an. Bí o bá sanwó, o sanwó. Bí ó bá wọ́n lójú rẹ, o kí i pé ó dàbọ̀, o sì kọjá lọ. Ó ṣòro fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ìyá rẹ ló kọ́ mi ní ọjà, ọwọ́ mi kò sì lè yọ owó jáde kí ẹnu mi má tíì sọ pé «ẹ gbà á ní báyìí». Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ohun tí o ń wá láti ìgbà yìí ni: kí àgbẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí làálàá rẹ̀ tó. Owó tí wọ́n ń san kí wọ́n tó lè pàtẹ kò pamọ́ bákan náà. Ìjọba ìlú ló ń dá a, bí ìwọ̀n mítà tí tábìlì bá gùn tó ni wọ́n sì ń gbà á. Àwọn tó ń wá déédéé ní ààyè tiwọn. Àwọn tí kò ní ààyè a máa dúró ní kùtùkùtù títí òṣìṣẹ́ tó ń pín ààyè yóò fi fi wọ́n sí ibi tí ó bá ṣófo.

Wọ́n ń kíni, Àjíkẹ́! Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ní London, mo lè ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan láìla ẹnu. Níbí, tí o bá dé ìdí ìsọ̀ tí o kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé èló ni, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé. «Bonjour» ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí o sì fi «madame» tàbí «monsieur» kún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjà tó lè bẹ̀rẹ̀. Ní ìdí ìsọ̀ mìíràn wọ́n á fún ọ ní abọ́ kékeré kí o fúnra rẹ ṣà, ní ìdí òmíràn ọlọ́jà nìkan ló ń fọwọ́ kan èso. Mo ti mú píìṣì kan rí tí mo tẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin tó ń tà á sì rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n sọ ọjọ́ tí mo fẹ́ jẹ ẹ́, òun á yan èyí tó yẹ fún mi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ jíjẹ yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń ta mẹ́lọ́ọ̀nù. Mẹ́lọ́ọ̀nù wọn kò tóbi tó bàrà tiwa. Ó rí róbótó bí orí ọmọ ọwọ́, ìlà wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ sì pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Mo ní kí bàbá náà fún mi ní méjì. Kò na ọwọ́ sí nǹkan kan. Ó bi mí pé, «Ṣé fún òní ni tàbí fún ọ̀la?» Mo ní ọ̀kan fún òní, èkejì fún Ọjọ́ Ẹtì. Ó tún bi mí pé, «Tòní yẹn, ṣé ọ̀sán ni tàbí alẹ́?» Mo ní alẹ́. Nígbà náà ni ó mú ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, ó ń gbé wọn wò bóyá wọ́n wúwo, ó dá ọ̀kan padà, ó mú òmíràn, ó gbé ìdí rẹ̀ sí imú, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bá ibi tí ìtì rẹ̀ wà, níbi tí ó ti so mọ́ ìtàkùn. Ó pè mí kí n wò ó. Èèpo ti bẹ̀rẹ̀ sí í là yí ìtì náà ká, bí ìgbà tí amọ̀ bá ń gbẹ, oje díẹ̀ sì ti kán síbẹ̀. Ó ní bí ó bá ti ń fẹ́ já kúrò lára ìtì báyìí, ó ti tó jẹ nìyẹn. Ìtì ti Ọjọ́ Ẹtì kò tíì là rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo la ti àkọ́kọ́, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi, ọmọ náà kò sì sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ kan èèpo. Alárobọ̀ wo ló lè bi ọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n já a?

Obìnrin kan tún wà tí ewúrẹ́ ni ó ń sìn. Wàrà ewúrẹ́ ni ó fi ń ṣe wàràkàṣì kékeré pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Pélardon. Ó tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tí wọ́n funfun, tí omi ṣì wà lára wọn, ló wà ní apá òsì; ní apá ọ̀tún, àwọn tó ti pé oṣù kan ti sú, wọ́n sì ti le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ fi ń ké lára wọn. Ó fún mi tọ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tuntun jọ wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó jọ ọ́ débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé fún un pé oje bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n fi ń mú tiwa dì. Ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rísíìtì rẹ̀. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé láti ọdún 2000 ni òfin ti ń ṣọ́ orúkọ Pélardon. Ẹni tí kò bá sí ní agbègbè náà kò gbọdọ̀ pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ lo wàrà tí kò kan iná, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 11, ó kéré tán, kí ó tó lè fi orúkọ náà tà á. Àlùbọ́sà wọn kan náà ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, àlùbọ́sà Cévennes, tí kò ta ni lójú púpọ̀, tí wọ́n ń gbìn lára òkè lórí pèpéle tí wọ́n fi òkúta tò láìlo sìmẹ́ńtì. Wo iye ènìyàn tó ń ta gàrí lónìí tí wọ́n ń pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú, tí ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú kò sì rí kọ́bọ̀ nínú orúkọ rẹ̀.

Mo fẹ́ gbàgbé láti sọ èènì. Lẹ́yìn tí mo ti sanwó tòmátì àti ikàn ní òwúrọ̀ òní, obìnrin náà já ìdì ewé kan tí wọ́n ń pè ní persil, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ mi, ó tún fi efinrin tiwọn, èyí tí ewé rẹ̀ gbòòrò, lé e lórí. N kò béèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un ní Yorùbá pé ajé á wọ igbá. Kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

N kò fẹ́ kí o rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn fún wọn. Obìnrin yìí ní aago mẹ́rin òru ni òun ń jí ní ọjọ́ ọjà, oko sì wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń bá òun ro ó ní gbogbo àárọ̀ tí òun fi dúró. Ọ̀pọ̀ ará Faransé ló ń ra oúnjẹ wọn ní ṣọ́ọ̀bù ńlá bí tiwa ní London, owó ọjà sì máa ń ga ju ti ibẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ìjọba wọn ka àwọn oko ní ọdún 2010, wọ́n rí nǹkan bí 490,000. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2020, kò ju nǹkan bí 390,000 lọ. Ọdún mẹ́wàá péré, Àjíkẹ́. Bàbá onímẹ́lọ́ọ̀nù sọ fún mi pé àwọn ọmọ òun ti wà ní ìlú ńlá, wọn kò sì fẹ́ ilẹ̀ náà.

Nítorí ìdí èyí ni mo fi ń ro ohun tí o sọ pé ìwọ àti àwọn obìnrin mẹ́ta tí oko yín pààlà fẹ́ pa owó pọ̀ háyà ọkọ̀, kí ẹ máa gbé tòmátì yín wọ ìgboro lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Obìnrin onítòmátì sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni òun àti aládùúgbò òun ṣe bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan, tábìlì kan, wọ́n sì ń gba ara wọn sípò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí oko má baà ṣófo. Mo gbàgbé láti bi í bí wọ́n ṣe ń pín owó nígbà tí irè ẹnì kan bá tà tí ti èkejì kò tà. A ó lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kí a tó padà sí London ní Ọjọ́ Àìkú. Mo ti kọ ìbéèrè náà sínú ìwé ní èdè Faransé kí n má baà ṣì í sọ, mo sì máa fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ ní kété tí mo bá délé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ títí láé,

Àbẹ̀kẹ́