Ẹ fi Gbọ̀ngàn Àṣà Mọ́kọ́lá sílẹ̀ fún àwọn eléré

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé tó ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ Gbọ̀ngàn Àṣà tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá, wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1961, ó sì kọ́ni ní eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí náà ó mọ ohun tí òṣèré àti onílù ń fẹ́. Ìgbéyàwó ń wáyé ní Gbọ̀ngàn náà báyìí (n kò bínú sí owó tó ń wọlé), ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ eléré tó ṣì ń yá aṣọ eré lò kò lè san iye tí olówó ayẹyẹ ń san. Kí ìjọba ya alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún wọn ní ẹ̀dínwó.

Emi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Sángo, Ìbàdàn