Ìdánrawò ló yàtọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ti dàgbà kò lè dùn mọ́, ẹ wo Led Zeppelin. Ní Live Aid, eré orin ìkówójọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Ethiopia, ní Philadelphia, 1985, onílù méjì ni wọ́n kó jọ. Ọ̀kan nínú wọn, Phil Collins, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù láti London ni. Wọn ò ráyè dánra wò tó. Ìlù ò bára mu, okùn gìtá Jimmy Page ti yẹ̀, ohùn akọrin wọn, Robert Plant, sì há.

Ní gbọ̀ngàn O2, London, 2007, onílù kan ṣoṣo ni: Jason, ọmọ olóògbé John Bonham, onílù ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dánra wò, wọ́n sì sọ ohùn orin mélòó kan kalẹ̀ fún Plant, ẹni ọdún 59. Ó dùn yùngbà! Plant kò gbà kí wọ́n máa gbé eré náà káàkiri lẹ́yìn náà. Mi ò bá a wí.

Olùkà yín, Ìbàdàn.