Ẹ Máa Kọ Aago Tí Ẹ Jẹ Ẹran Náà Fún Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà àwa òǹkàwé tí ẹnu wa kì í dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú ewé tí ẹ ti ń yẹ àwọn ilé oúnjẹ wò ni mo bá wá, pàápàá àwọn ilé oúnjẹ ẹran yíyan tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbíkíù, èyí tó ń pọ̀ sí i nínú àwọn ìlú ńlá àti ní agbègbè tó yí wọn ká. Tọkàntọkàn ni mo fi ń ka ojú ewé náà. Àwọn oníròyìn yín a máa ṣàpèjúwe àga, ìmọ́lẹ̀ aláràbarà, orin àti ìwà àwọn tó ń gbé oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀ kó tó wọkọ̀: aago mélòó ni wọ́n jẹ ẹran náà, ìgbà wo sì ni ẹran ọ̀hún ti kúrò lórí iná? Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn fẹ́ jókòó sórí àga tó rọ̀, ṣùgbọ́n àga kọ́ la fẹ́ lọ jẹ.

Ìdí tí mo fi tẹpẹlẹ mọ́ aago ni pé ẹran yíyan kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń sè nígbà tí oníbàárà bá dé. Ẹ jẹ́ ká mú igẹ̀ màlúù, tó jẹ́ olórí ẹran ní ọ̀pọ̀ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Igẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé ìwúwo màlúù ró bó bá dúró, ìdí nìyẹn tí iṣan ibẹ̀ fi yi, tí kò sì sí bí a ṣe lè fi iná ńlá sáré sun ún kó rọ̀. Iná tí kò le ni wọ́n fi ń ṣe é, tí ooru inú ààrò á wà láàárín ìwọ̀n 107 sí 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí inú ẹran náà bá ti ń kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 70, èròjà tó ń mú iṣan yi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì di gelatin, èyí tó ń mú kí ẹran rọ̀ kó má sì gbẹ lẹ́nu. Ohun tó wá máa ń dán sùúrù ẹni tó wà nídìí iná wò ni pé, láàárín ìwọ̀n 65 sí 75, ooru inú ẹran lè dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé omi tó ń sun jáde lára rẹ̀ ń gbẹ lọ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń mú ẹran náà tutù. Ẹni tí kò bá lè fara dà á á koná mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ẹran á ti bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fi pépà tàbí fóìlì wé e kí omi náà má baà gbẹ lọ mọ́, tàbí kó kàn jókòó tì í. Ìgbà tí inú ẹran bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 95 ni wọ́n á tó gbé e kúrò, wọn ò sì ní gé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, ó kéré tán.

Nítorí náà, ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ ta igẹ̀ lọ́sàn-án ti dáná láti alẹ́ àná. Oníbàárà tó bá dé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, oúnjẹ ọ̀tọ̀ ló jẹ. Ẹni tó dé lálẹ́, oúnjẹ ọ̀tọ̀ ló jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, tí iye owó rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Lóòótọ́, bí wọ́n bá wé ẹran náà láì tíì gé e, tí wọ́n sì fi pamọ́ sínú àpótí tí ooru rẹ̀ kò wálẹ̀ ju ìwọ̀n 60 lọ, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láì bàjẹ́. Ohun tí àwọn kan ń ṣe kọ́ nìyẹn. Wọ́n á ti gé e sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ sí i, bí oníbàárà bá sì béèrè, wọ́n á sáré gbé e sínú máíkírówéèfù.

Mo jẹ irú rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, láàárín ìlú, lálẹ́ ọjọ́ kan tí èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Etí ẹran náà ti ká kò, ó sì ti dúdú. Ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dì funfun níbi tí ooru kò dé, àárín rẹ̀ sì ń jóni lẹ́nu. Wọ́n wá da omi ata aládùn lé e lórí títí a kò fi rí ojú ẹran mọ́. Nígbà tí mo bi ọmọ tó gbé e wá pé ìgbà wo ni wọ́n yan án, ó ní, “Òní ni, sà.” Kò purọ́, nítorí aago márùn-ún ìdájí náà wà nínú òní.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó dára, kó ní kí wọ́n fún òun ní ẹran láì da ohunkóhun lé e, kó sì gbé ègé kan lé orí ìka. Bó bá dára, á tẹ̀ wálẹ̀ lápá méjèèjì láì já. Bí a bá fọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀, á já wẹ́rẹ́. Èyí tó bá já kí a tó fà á ti jinná jù, èyí tó bá ń báni jà kò tíì jinná.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kó máa dùn mí bí oníròyìn bá kà á sí ẹ̀bi fún ilé oúnjẹ kan pé ẹran ti tán kí àwọn tó débẹ̀. Igẹ̀ tútù tí wọ́n bá gé ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì yan tán, lè pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀, ó sì máa ń sún mọ́ ìdajì nígbà mìíràn. Kò sí bí olówò ṣe lè sáré yan òmíràn, nígbà tí iṣẹ́ òru mọ́jú ni. Ilé oúnjẹ tí gbogbo oríṣi ẹran rẹ̀ máa ń wà láti ọ̀sán títí di òru, tí kì í tán rí, lèmi máa ń fura sí. Ní Lockhart ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó jẹ́ nǹkan bí máìlì 30 sí ìlú ńlá Austin, tí ilé aṣòfin sì fi ṣe olú-ìlú bàbíkíù Texas lọ́dún 1999, ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ni òwò náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yan ẹran tí wọn kò tà, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì dì í sínú pépà fún ẹni tó rà á. Ọ̀kan lára wọn, Kreuz Market, ti wà láti ọdún 1900. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ẹran bí alápatà ṣe ń tà á, kò sí ìtìjú nínú kó tán.

Ìdí sì wà tí èyí tó dára fi sábà máa ń wà lẹ́yìn odi ìlú. Igi ìdáná ń fẹ́ àyè: igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ fún oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn fún odindi ọdún, kó tó lè jó dáadáa. Èéfín igi tútù máa ń nípọn, ó máa ń funfun, ó sì máa ń mú kí ẹran korò. Èéfín tó dára máa ń fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè má tètè rí i. Nínú ìlú, ilẹ̀ wọ́n, aládùúgbò kò fẹ́ èéfín, òfin sì lè má gbà á láyè. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ inú ìlú ṣe ń lo ẹ̀rọ gáàsì, tí wọ́n á kàn ti igi díẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òórùn èéfín lè wà lára ẹran. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹran gidi sì ń ti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa, ká lè mọ ohun tí a ń sanwó fún. Mi ò sọ pé inú ìlú kò lè ṣe é o. Nígbà tí Michelin, ìwé atọ́nà tó ń fi ìràwọ̀ yẹ́ àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù sí, pín ìràwọ̀ fún àwọn ilé oúnjẹ Texas lọ́dún 2024, ilé bàbíkíù mẹ́rin wà lára àwọn tó gbà á. Mẹ́ta wà nínú Austin fúnra rẹ̀, ọ̀kan sì wà ní Spring, lẹ́yìn ìlú Houston. Ìrìn ẹ̀yìn odi náà ní ewu tirẹ̀: ẹni tó bá pẹ́ kúrò nílé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tún dá a dúró lọ́nà, eegun ló máa bá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ pupa náà tún ń fa àríyànjiyàn tí kò yẹ. Pupa rẹ́súrẹ́sú tó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ ẹran inú èéfín ká kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nitric oxide tó wà nínú èéfín ló dà pọ̀ mọ́ myoglobin, èròjà tó ń fún ẹran ní àwọ̀. Adìyẹ ló yẹ ká ṣọ́ra fún, nítorí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 74, ẹran lílọ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 71, ojú lásán kò sì lè sọ èyí. Tẹmómítà ló lè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ẹran alásọdà, bíi sọ́sééjì, sára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lọ́dún 2015, tí wọ́n sì fi ẹran pupa, ìyẹn ẹran bíi ti màlúù àti àgùntàn, sára ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi ẹran yíyan ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìgbà tó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń jẹ ẹ́, ó kúkú yẹ kó jẹ́ èyí tó dùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí oníròyìn yín tó bá lọ sí ilé oúnjẹ ẹran yíyan béèrè ìgbà tí wọ́n gbé ẹran kúrò lórí iná, kó kọ aago tí òun jẹ ẹ́, kó sì sọ bóyá igi, èédú tàbí gáàsì ni wọ́n fi yan án. Bó bá ṣeé ṣe, kó lọ lọ́sàn-án, kó sì tún padà lọ lálẹ́ ọjọ́ mìíràn láì sọ ẹni tí òun jẹ́. Kó wo òṣùwọ̀n pẹ̀lú, bóyá iwájú oníbàárà ni wọ́n ti ń wọn ẹran, àti bóyá wọ́n ń da omi ata lé e kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Àwọn olówò náà lè ràn wá lọ́wọ́: pátákó kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi ẹfun kọ aago tí igẹ̀, ìhà àti adìyẹ ọjọ́ náà jinná sí, kò ná wọn ní nǹkan kan. Èyí tó bá ti tán, kí wọ́n fa ìlà sí i lórí, ká lè yí ọkọ̀ wa padà láti ìta.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.